Robiya àti Tíṣà Ká-Ní

Nígbà tí Robiya yọ orí kúrò lẹ́nu ààrò láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ìyẹ̀fun bo ìpéǹpéjú rẹ̀, ọkùnrin gíga kan ló rí tó dúró nínú yìnyín láìdé fìlà. Búrẹ́dì gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀, ooru rẹ̀ ń rú sókè bí ẹni pé ọwọ́ ọkùnrin náà gan-an ló ń rú èéfín. Àwọn àlejò òyìnbó márùn-ún yí i ká, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ ṣe ń wo ẹnu ìyá rẹ̀.

Èdè wọn ló ń bá wọn sọ. Robiya ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó rí i pé ìyá arúgbó kan láàárín wọn gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì nu ojú.

Ọdún méjìlélógún ni Robiya ti ń ṣe búrẹ́dì lójú kan náà ní Samarkand. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ilé àlejò tó wà ní ìkángun àdúgbò má mú àwọn òyìnbó wá wo bó ṣe ń lẹ búrẹ́dì mọ́ ògiri ààrò. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní nǹkan, orí ló máa ń tì bọ inú ààrò títí wọ́n á fi lọ. Àwọn ará àdúgbò rò pé iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kó ráyè. Ẹ̀rù ni. Láti kékeré ni ẹ̀rù ti ń bà á: ẹ̀rù ẹni tó bá gbóhùn sókè, ẹ̀rù ìwé tí wọ́n bá ní kó fọwọ́ sí, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu tí kò ṣeé kó padà mọ́.

Lọ́jọ́ náà, ó gbàgbé láti ti orí bọ ààrò.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, "kí lẹ sọ fún wọn?"

"Wọ́n bi mí pé kí ni ìtumọ̀ òǹtẹ̀ tó wà láàárín búrẹ́dì yín."

"Ẹ wá ní kí ni?"

"Mo ní kò ní ìtumọ̀ kankan. Kí àárín má baà wú ni."

"Òótọ́ nìyẹn. Kí ló wá ń pa màmá yẹn lẹ́kún?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Mo fi díẹ̀ kún un. Mo ní ká ní búrẹ́dì yìí lẹ́nu ni, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá máa kí wọn káàbọ̀, nítorí ẹni tó ṣe é ń tijú."

Robiya wá ìbínú nínú ara rẹ̀, kò rí i. "Búrẹ́dì mi kì í sọ̀rọ̀ tí wọn ò rán an," ló wí.

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́n jù mí lọ." Ó bù ú jẹ, ó dijú, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ nínú yìnyín.

Nilufar, ọmọbìnrin tó máa ń gba àlejò ní ilé àlejò náà, ló sọ irú ẹni tó jẹ́. "Tíṣà Mirzohid nìyẹn. Tíṣà Ká-ní là ń pè é lẹ́yìn. Ó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìyàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun aláásárì. Ẹ máa bọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi? Ọdún mẹ́jọ péré ni mo lò nílé ìwé."

"Ààrò yín ò tiẹ̀ lọ sílé ìwé rárá, gbogbo ayé ló sì ń wá a wá."

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Robiya fi ń rò ó kó tó lọ. Nígbà tó lọ, ẹ̀yìn ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó lè tètè jáde bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tí kò ju lẹ́tà méjì lọ ni Mirzohid kọ sára pátákó. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ni ilẹ̀kùn. Ó ní oríṣi mẹ́ta ni ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èkíní ni ohun tó lè ṣẹlẹ̀: bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ á tutù. Ìyẹn ò le. Èkejì ni ohun tí kò sí, tí èèyàn kàn ń fojú inú wò.

"Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó ni èdè yìí máa ń ṣe," ló wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí. "Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ohun tí kò sí lónìí, wọ́n á mú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á wọ aṣọ àná fún un. Wọ́n á sọ ọ́ bí ohun tó ti kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ká ní òun ní ọgbà lónìí, bí ẹni tó ní ọgbà lánàá ló máa sọ ọ́. Ọgbà ò sí lánàá, kò sí lónìí, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ tán, ẹ ó rí i pé ẹ ti ń gbọ́ òórùn ewé."

Robiya wo pátákó náà bó ṣe máa ń wo inú ààrò láàárọ̀, nígbà tí iná bá ti kú, tí ògiri amọ̀ ṣì ń pọ́n láìsí ọwọ́ iná kankan. Kò mọ̀ pé àwọn èèyàn kan jókòó níbì kan láyé tí wọ́n kọ́ irú ilé báyìí fún ohun tí kò sí. Ara rẹ̀ bù máṣọ.

Wọ́n ní kí oníkálukú mú gbólóhùn wá. Ọmọkùnrin kan ní ká ní òun lówó ni, òun ì bá ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pupa. Nilufar ní ká ní òun ga sí i ni, òun ì bá máa wo gbogbo ọkùnrin nílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá kan Robiya.

"Ẹ fò mí, tíṣà."

"Kí ló dé?"

"Ìyá mi máa ń sọ pé ohun tí kò sí, ká má fẹnu pè é. Ó lè gbọ́."

Àwọn ọ̀dọ́ tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Mirzohid ò bá wọn rín in. "Ìyá yín sọ òótọ́," ló wí. "Ó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí gbólóhùn yìí kọ́, kò sẹ́ni tó lè lé yín jáde níbẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Robiya ń mú jáde, bí ẹni tó ń fọwọ́ lásán mú búrẹ́dì gbígbóná, ó ń gbé e sílẹ̀, ó tún ń gbé e. Ó wí lédè òyìnbó pé: "Ká ní ẹ̀rù ò bà mí ni, ǹ bá máa sọ̀rọ̀ jù."

Mirzohid yí ojú sí pátákó, ó ń nu ibi tí kò sí nǹkan kan. "Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀," ló wí níkẹyìn.

*

Yìnyín yọ́. Igi ápíríkọ́ti inú àgbàlá gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Ibi tí ilé Mirzohid wà kò sí lójú ọ̀nà ilé Robiya rárá, òdìkejì ìlú ni, síbẹ̀ ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń bá lọ lẹ́yìn kíláàsì. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á nínú àwọn méjèèjì. Wọn kì í fara kan ara wọn, igbá omi kan lè kọjá láàárín wọn. Opó ni Robiya láti ọdún mẹ́sàn-án, àádọ́ta ọdún kù díẹ̀ fún un. Ìyàwó Mirzohid náà ti kú, kò bímọ fún un.

"Ṣé ẹ ti gbé ìlú òyìnbó rí?" Robiya bi í lọ́jọ́ kan.

"Rárá."

"Ẹ ò débẹ̀ rí? Ṣebí ọgbọ̀n ọdún lẹ ti ń kọ́ èèyàn ní èdè wọn."

"Mi ò kọjá Tashkent rí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ibẹ̀, ká ní ni."

Robiya rẹ́rìn-ín títí tó fi ní láti di ògiri mú. Kò rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn lójú títì.

Ó di eré láàárín wọn. Robiya ní ká ní Mirzohid jẹ́ búrẹ́dì ni, ì bá ti jóná, torí kì í dákẹ́ lójú kan. Mirzohid náà ní ká ní Robiya jẹ́ ìwé ni, wọn ì bá ti dè é mọ́ pẹpẹ ilé ìkàwé, kẹ́nikẹ́ni má yá a. Ohun tí ọkùnrin àti obìnrin ò gbọdọ̀ sọ síra wọn lójú títì lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí Robiya bá délé, ó máa jókòó sórí àga, kò ní bọ́ ìborí, á máa wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti jóná káàkiri. Ó ń yà á lẹ́nu pé ọkàn èèyàn lè ṣe báyìí ní ọjọ́ orí òun. Ó ti rò pé wọ́n ti pàṣẹ fún ọkàn náà pé kó dákẹ́.

Lọ́jọ́rú kan, wọ́n dé kọ̀rọ̀ tí wọ́n ti máa ń yà. Mirzohid ò lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Robiya," ló wí, bí gbogbo kíláàsì ṣe ń pè é, "mo ní gbólóhùn kan."

"Ẹ sọ ọ́, kí n wò ó bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀."

"Ká ní ọkùnrin kan, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, tí orí rẹ̀ ti ń pá, rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sẹ́nu ọ̀nà yín ńkọ́? Kí lẹ̀ bá ṣe?"

"Orí rẹ̀ pá tó báwo?" ni Robiya bi í.

"Ó pá díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ní sùúrù. Gavhar lórúkọ rẹ̀, Urgut ló ń gbé. Ó lè dé lọ́sẹ̀ yìí."

"Ǹ bá gbé tíì kaná," ni Robiya wí, ó sì yára wọlé.

*

Lọ́dọ̀ wa, alárenà kì í dárúkọ. Bí wọ́n bá wá tọrọ obìnrin, wọ́n á sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹran tó wọ́n, wọ́n á wá sọ pé àwọn ń wá ibi tí ẹyẹ kan yóò bà lé. Búrẹ́dì méjì ni wọ́n máa ń gbé dání, tí wọ́n fi aṣọ funfun dì. Ilé tó bá gbọ́n kì í fọwọ́ kan búrẹ́dì náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á jẹ́ kí alárenà wá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ tí àgbà ilé bá bu búrẹ́dì náà sí méjì, ó parí. Wọ́n ti fi obìnrin náà fún wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin méjì kan ilẹ̀kùn Robiya. Ọ̀kan tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Èkejì ti darúgbó gan-an, ọ̀pá ló fi ń rìn. Robiya ò mọ èyíkéyìí nínú wọn rí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí aṣọ funfun lápá wọn, àyà rẹ̀ fò sókè. Ó wo ẹni ọgọ́ta ọdún náà, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé Gavhar nìyí. Ìyá àgbà yìí, á jẹ́ àǹtí wọn.

Ó gbé tíì wá. Ife ń kan ara wọn lórí tíréè. Ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ó sọ̀rọ̀ ẹran tó wọ́n. Ó wá ní, "A gbọ́ pé igi eléso kan wà nínú àgbàlá yìí. Ẹyẹ kan wà lọ́dọ̀ tiwa, ó dàgbà díẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ ti ń rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oníwàhálà."

Orí pípá ló ń sọ yẹn, ni Robiya rò. Ẹ̀rín fẹ́ pa á.

Ìyá àgbà tú aṣọ, ó gbé búrẹ́dì kan lé e lọ́wọ́. "Ìwọ lo mọ búrẹ́dì, ọmọ mi. Wò ó fún wa bóyá ó jiná."

Ó yẹ kó wò ó, kó gbóríyìn fún un, kó gbé e padà sórí aṣọ. Ọmọdé tó kéré jù lọ mọ ìyẹn. Ó sì yẹ kí Elyor wà nílé, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Tashkent, nítorí òun ló kù nínú ilé náà tó lè fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bọ̀, Robiya gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró dé ọ̀la, ẹ̀rù á ti dé, òun á ti orí bọ inú ààrò, ó sì parí nìyẹn. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà láàárín búrẹ́dì, níbi tó máa ń wà nígbà tí oníbàárà bá ní kí wọ́n bù ú wò. Ó bù ú.

Ìyá àgbà wò ó bí ẹni tó rí òṣùpá lọ́sàn-án.

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mo ti wà láyé," ló wí wẹ́rẹ́. "Mi ò rí irú èyí rí. Bísímílláhì." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣe àdúà, ó fọwọ́ nu ojú. Ẹnìkejì rẹ̀ ti ń sunkún ayọ̀, ó dì mọ́ Robiya lọ́rùn. "Ergash á pa àgbò lónìí," ló ń wí. "Ọmọ wọn Ergash, a ti wí fún un pé ẹ ò ní tètè gbà."

Ergash. Ergash tó ń ta àjàrà gbígbẹ ní ọjà Siyob. Èèyàn jẹ́jẹ́, opókùnrin, tó máa ń ra búrẹ́dì mẹ́wàá lọ́jọ́ Jímọ̀. Robiya la ẹnu, ohùn ò jáde. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Òun ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló fọ́ ẹyin. Kó tó rí èémí fà, wọ́n ti di ìlàjì búrẹ́dì, wọ́n ti dé òde, ẹni ọgọ́ta ọdún náà ti ń sọ ọ́ fún aládùúgbò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Urgut pẹ̀lú aṣọ funfun lápá. Ó bi àwọn obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ omi pé ibo ni ilé Robiya oníbúrẹ́dì. Wọ́n ní kó máa bá àwọn yọ̀, wọ́n ti bu búrẹ́dì rẹ̀ lánàá. Gavhar dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì padà wọ bọ́ọ̀sì.

*

Elyor dé lọ́jọ́ Sátidé. Inú kọ́kọ́ bí i pé wọn ò dúró dè é. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ fún un pé àṣìṣe ni, inú wá bí i ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Àṣìṣe báwo? Ṣé ẹsẹ̀ yín ló yọ̀?"

"Mo rò pé ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti wá."

"Ilé ta ni?"

Obìnrin kì í dárúkọ ọkùnrin lójú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Elyor ti gbọ́ ní ìdí ẹ̀rọ omi pé tíṣà kan máa ń gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Màmá, ẹ gbọ́. Wọn kì í dá búrẹ́dì tí wọ́n ti bù padà. Wọ́n á ní ìyá Elyor ń fẹ́ ọkùnrin méjì. Ojú wo ni màá fi wo bàbá mi nínú sàréè? Ergash kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ fẹ́ ẹ, kí ọ̀rọ̀ tán."

Ní Ọjọ́ Ajé, Robiya lọ sí kíláàsì nítorí kò mọ ibòmíràn tó lè lọ. Mirzohid ò wo ẹ̀yìn kíláàsì níbi tó jókòó sí. Oríṣi kẹta ló fẹ́ kọ́ wọn, ohun tó ti kọjá, tí kò sí ọwọ́ tó lè tún un ṣe mọ́. Ó kọ ọ́ sára pátákó, lẹ́tà rẹ̀ wọ́: *Ká ní wọ́n ti tètè gbéra ni, wọn ì bá ti bá a nílé.*

Gbogbo wọn dà á kọ. Robiya ò lè kọ ọ́. Nígbà tí àwọn tó kù jáde, ó jókòó síbẹ̀.

"Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n," ni Mirzohid wí fún pátákó.

"Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ rán wọn."

Ó yíjú padà. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹyẹ kan tí ìyẹ́ rẹ̀ ti ń rẹ̀. Mo ní ẹ̀yin ni."

Ẹ̀rín jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì gé e, ó jókòó sórí àga àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ ga ju tábìlì lọ. "Ẹ bù ú torí tèmi? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

"Mo bù ú torí tiyín."

Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ti ń ka ìwé kan lọ́gbọ̀n ọdún tí ìwé náà wá bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ergash ò ṣẹ̀ wá. Orúkọ yín sì ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá fẹ́ kí n kúrò ní ìlú yìí, màá lọ sí Urgut lọ́dọ̀ Gavhar. Mi ò ní bínú sí yín láé."

"Mi ò ní kí ẹ lọ," ni Robiya wí. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

*

Rírò náà ò pẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó yọ búrẹ́dì àkọ́kọ́, ó wẹ̀, ó wọ ìborí tuntun, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìdí ọjà Siyob, sí ilé Ìyá Salomat, ìyá Ergash, ìyá àgbà tó gbé búrẹ́dì náà wá. Ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí padà lójú ọ̀nà. Ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún yí padà síbi tó ń lọ.

Ìyá àgbà náà jókòó nínú oòrùn àgbàlá, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ìlàjì búrẹ́dì náà wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀, nínú aṣọ funfun rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ló wí. "O tètè jí."

Robiya ò jókòó. Ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó, òun á mu tíì, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ á bẹ̀rẹ̀, kò ní lópin. "Ìyá, mo ṣàṣìṣe. Mo rò pé ilé ẹlòmíràn lẹ ti wá. Ọmọ yín ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Ọwọ́ ìyá àgbà dúró lórí ìrẹsì.

"Ta ni?"

"Mirzohid. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì." Ó gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ara rẹ̀, ní gbangba, lójú oòrùn. Ilẹ̀ ò là. Ẹyẹ kan ń ké lórí ògiri, ó ń ké lọ.

"Ìwọ fúnra rẹ lo wá. O ò rán ọmọ rẹ."

"Ọmọ mi ò fọwọ́ sí i."

Ìyá Salomat tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ṣíṣa òkúta rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè.

"Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí wọ́n bu tèmi. Inú ìyàrá kejì ni mo wà, mò ń jọ ìyẹ̀fun. Mo gbọ́ tó ń dún nígbà tí wọ́n bù ú, kà, báyìí. Mi ò mọ̀ pé tèmi ni. Ọkọ mi ṣe dáadáa sí mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí èèyàn bá bu búrẹ́dì níwájú mi, mo máa ń wo ọwọ́ onítọ̀hún." Ó gbójú sókè. "Ọwọ́ rẹ ni mo wò lọ́jọ́ yẹn. Mo ní obìnrin wo nìyí tó ń bu tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò sùn, mò ń rò ó."

"Ẹ má bínú, ìyá."

"Gbé búrẹ́dì yẹn wá."

Robiya gbé e wá. Ìyá àgbà tú aṣọ rẹ̀, ó fún búrẹ́dì náà, ó ti le díẹ̀. Ó rì í bọ inú ife tíì tó wà níwájú rẹ̀, ó fún Robiya ní apá kan. "Jẹ ẹ́. Búrẹ́dì ni. Bí a bá jẹ ẹ́ tán, oúnjẹ la jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo lọ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ, a sì jọ mu tíì."

"Ergash ńkọ́?"

"Á wú fùkẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà á ní kí n lọ wá ẹlòmíràn. Mo mọ ẹni tí mo bí." Ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú eyín tó ṣẹ́ kù. "Ẹni tó ṣe búrẹ́dì yìí ò gbọ́n. Kò jiná láàárín."

"Mo rí i, ìyá. Mi ò lè sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

*

Ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ ní àdúgbò, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ bá Ìyá Salomat jiyàn. Elyor ló kù. Ó délé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, kò bá ìyá rẹ̀ sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó ń la igi fún ààrò lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí Nilufar kó àwọn àlejò dé.

Ọkùnrin òyìnbó kan tó nírùngbọ̀n bi Robiya ní nǹkan. Elyor ń dúró kí ìyá rẹ̀ ti orí bọ ààrò. Kò tì í. Ó dúró, ó fi ọwọ́ nu ìyẹ̀fun, ó sì dáhùn lédè wọn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó tún sọ nǹkan kan, ẹ̀rín sì lọ lójú wọn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wò ó.

Àáké dúró lọ́wọ́ Elyor. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, "Kí ló bi yín?"

"Ó ní ká ní mi ò ń ṣe búrẹ́dì ni, kí ni ǹ bá máa ṣe."

"Kí lẹ wá wí?"

"Mo ní ǹ bá máa sùn."

Elyor rẹ́rìn-ín láìfẹ́. "Kí wá ni òmíràn tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́?"

Robiya wo inú ààrò. "Mo ní ká ní ẹnì kan ti bi mí ní ìbéèrè yìí nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni, ǹ bá ti wá ìdáhùn sí i."

Elyor gbé àáké sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, búrẹ́dì obìnrin yìí ló fi dàgbà. Ó mọ ikọ́ rẹ̀, ó mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ iye ṣúgà tó ń fi sí tíì. Ó dúró níbẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn kan lójoojúmọ́, tí wọ́n wá ṣí i, tó rí i pé àgbàlá ńlá ló wà nínú rẹ̀.

"Ibo ni tíṣà yẹn ń gbé?" ló bi í.

Ẹ̀yìn ìrun aláásárì ló lọ. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Robiya ń ti ẹnu ọ̀nà wò títí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ padà dé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ní, "Orí rẹ̀ pá ju bí wọ́n ṣe ń sọ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí mi, èmi tí mo kéré sí i. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa bọ̀ ní Jímọ̀. Mo ní kó má sọ̀rọ̀ ẹyẹ kankan o. Kó dárúkọ."

*

Ní ìparí oṣù karùn-ún, lẹ́mọ́ọ̀mù wá so yìgì wọn nílé Robiya. Èèyàn ò ju ogún lọ. Ìyá Salomat jókòó sí iwájú láàárín àwọn obìnrin, kò sẹ́ni tó pè é, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó dìde. Gavhar bá a jókòó, wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá bi ìyàwó bóyá ó gbà, kì í dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á bi í lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó gbọ́ ohùn kékeré kan lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Lẹ́mọ́ọ̀mù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti fìdí lé àga dáadáa. Ó ní, "Robiya, ọmọ Abdurahim, ṣé o fẹ́ kí a fi ọ́ fún Mirzohid—"

"Mo fẹ́," ni Robiya wí.

Lẹ́mọ́ọ̀mù kò tíì dárúkọ bàbá ọkọ. Ó ní, "Ó ṣì kù díẹ̀, ìyàwó."

"Ẹ máa bá a lọ, sà. Ìdáhùn mi ò ní yí padà."

Àwọn obìnrin fi ìborí bo ẹnu. Elyor wo òkè àjà, èjìká rẹ̀ ń mì.

Lẹ́yìn àdúà, wọ́n mú tọkọtaya jókòó lábẹ́ ìborí ńlá kan, wọ́n fi dígí kékeré sí wọn lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Gavhar ti ohùn rẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ náà. "Mirzohid, kí lo rí?"

Ó yẹ kó ní òun rí òṣùpá tàbí oòrùn. Òun náà la ẹnu láti sọ ọ́, ẹni tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan. Nínú dígí náà, irun funfun àti ìpéǹpéjú tí iná ti jó, ojú méjì tó ti rẹ̀, wọ́n súnmọ́ra tó fi jẹ́ pé èémí wọn ń bo dígí. Àwòrán náà ń parẹ́, ó ń padà wá.

"Tíṣà," ni Robiya wí jẹ́jẹ́, "wọ́n ń dúró de ìdáhùn yín."

"Mo mọ̀," ló wí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó."

Robiya fi àtàǹpàkò nu èémí kúrò lára dígí náà fún un, kó lè rí i dáadáa.